Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà, Àmọ́ Ta Ni Yóò San Owó Ọ̀nà Méjì?

Ẹ BI WÁ: Ẹ̀RỌ ÀTI ÒWÒ

Lẹ́tà tó dé ọwọ́ wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ multi-cloud ló kún inú wọn. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀: cloud ni kí iléeṣẹ́ máa háyà sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn yòókù lóhùn) àti ibi ìkódàtàsí lọ́wọ́ àwọn bíi AWS, Microsoft Azure tàbí Google Cloud, kó máa san iye tó bá lò. Multi-cloud ni kó háyà lọ́wọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè náà fẹ́ jọra létí, àmọ́ ohun tó ń dun oníkálukú yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí a kò fi da ìdáhùn wọn pọ̀.


ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléeṣẹ́ wa ní Ìbàdàn ń kó oògùn lọ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù oògùn. Àwa mẹ́ta péré là ń mójú tó kọ̀ǹpútà. Ápù tí wọ́n fi ń béèrè ọjà wà lórí AWS ní Cape Town. Látìgbà tí AWS ti dákẹ́ lóṣù Kẹwàá 2025, ọ̀gá wa kò jẹ́ ká sinmi: ó ní ká gbé gbogbo ẹ̀ sórí Azure náà, kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa kí ọ̀gá yín. Àìsàn tí wọ́n ń bẹ̀rù wà lóòótọ́, àmọ́ oògùn tí wọ́n kọ yẹn kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2025, Northern Virginia ní Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ẹkùn tí AWS ń pè ní us-east-1. Ètò tó ń kọ àdírẹ́sì DynamoDB, dátábéèsì AWS, sínú DNS, ìwé àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì, ló tẹ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, àdírẹ́sì náà di òfìfo, gbogbo ohun tó gbára lé e sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú tẹ̀lé ara wọn. Sáfà yín ní Cape Town kò sí lábẹ́ òrùlé yẹn. Ibi tó ti lè kàn yín ni àwọn nǹkan díẹ̀ tí AWS ń darí láti Virginia fún gbogbo ayé, bíi kí ẹ fẹ́ yí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ kan padà nínú IAM, ibi tí wọ́n ti ń fúnni ní ẹ̀tọ́, kó kọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú cloud kejì, kí gan-an lẹ̀ ń bẹ̀rù? Bó bá jẹ́ pé ilé tí sáfà wà lè jóná tàbí kí iná rẹ̀ lọ, ìwòsàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ AWS fúnra rẹ̀: Cape Town ní zone mẹ́ta (ibùdó sáfà tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀), ẹ pín sáfà sí méjì nínú wọn, kí ẹ̀dà dátábéèsì sì máa dúró dè yín ní zone kejì. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ẹkùn ló lè dákẹ́, ẹkùn mìíràn lọ́dọ̀ AWS kan náà ni wàhálà rẹ̀ kéré jù. Ìgbà tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ náà gan-an lẹ̀ ń bẹ̀rù, tàbí àkáǹtì yín lọ́dọ̀ rẹ̀, nígbà yẹn ni cloud kejì di dandan.

Ìyẹn náà kì í ṣe àlọ́. Lóṣù Karùn-ún 2024, private cloud tí UniSuper, àjọ owó ìfẹ̀yìntì kan ní Australia tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ní 600,000, ń lò lọ́dọ̀ Google pa rẹ́. Google ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé nígbà tí wọ́n ń ṣètò rẹ̀, wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i nínú irinṣẹ́ abẹ́lé kan. Irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fi ọdún kan ṣe gbèdéke. Ọdún pé, ó sì pa á rẹ́ láìta ẹnikẹ́ni lólobó. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó tún rí àkáǹtì wọn wò. Ẹ̀dà ìpamọ́ ló yọ wọ́n, èyí tó wà lọ́dọ̀ Google àti èyí tó wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn. Kì í ṣe sáfà méjì tó ń sáré pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Iléeṣẹ́ tó bá ṣèlérí 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún ti gba ara rẹ̀ láyè ìdákẹ́ ìṣẹ́jú 43 nínú ọjọ́ 30. Bí ápù yín bá wà lọ́dọ̀ AWS, tí dátábéèsì wà lọ́dọ̀ Azure, méjèèjì gbọ́dọ̀ wà láàyè kí ẹnikẹ́ni tó lè ra oògùn. 0.999 lọ́nà 0.999 jẹ́ 0.998: ìṣẹ́jú 43 ti di 86. Owó cloud méjì lẹ fi ra ìdákẹ́ ilọ́po méjì yẹn. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní multi-cloud kiri ìgboro, bó ṣe rí gan-an nìyí.

Kí méjèèjì wá máa ṣiṣẹ́ pọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè dá dúró, dátábéèsì gbọ́dọ̀ máa gba àkọsílẹ̀ níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá ra páálí tó kù kan ṣoṣo lórí AWS. Òmíràn ní Bódìjà ra páálí yẹn kan náà lórí Azure kí ìròyìn ti àkọ́kọ́ tó dé ọ̀hún. Ta lẹ máa gbé e fún? Ó ní àwọn tó ń yanjú irú ẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ẹni mẹ́ta kọ́.

Ẹ mú bébà. Ẹ kọ gbogbo ètò tí iléeṣẹ́ yín ń lò sí i, kí nọ́ńbà méjì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: wákàtí mélòó ló lè fi dákẹ́ kí òwò tó bàjẹ́, àti iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó ló lè sọnù tí ẹ ó lè tún tẹ̀. Ẹ má bi ẹnjiníà o, ẹni tó ń gbé fóònù àwọn oníbàárà ni kí ẹ bi. Ìbéèrè ọjà lè jẹ́ wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15, owó oṣù òṣìṣẹ́ lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta àti ọjọ́ kan, ìròyìn títà lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìbéèrè ọjà nìkan ló yẹ kó mọ Azure.

Bí yóò ṣe mọ̀ ọ́n ni kí ẹ gbé PostgreSQL (irú dátábéèsì kan) kékeré kan sí Azure ní Johannesburg, kó máa gba àyípadà nípa logical replication, ìyẹn kí dátábéèsì àkọ́kọ́ máa rán àyípadà rẹ̀ sí èkejì. Ètò ápù á wà ní Terraform (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ètò sáfà sílẹ̀ kó lè gbé e kalẹ̀), ẹ ó ti kọ ọ́, ẹ ó ti dán an wò, àmọ́ sáfà rẹ̀ á wà ní pípa títí ọjọ́ yóò fi le. Ẹ ṣọ́ nǹkan méjì. Logical replication kì í gbé àyípadà ìrísí table lọ, kì í sì í gbé sequence, òǹkà tó ń fún àkọsílẹ̀ ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, nọ́ńbà ìwé ọjà rẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti 1 lọ́jọ́ tó bá sá lọ sí Azure. Ìkejì, bí Azure bá dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, slot tó wà ní AWS, tó ń rántí ibi tí Azure kà dé, yóò máa kó WAL (àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà) jọ dè é títí díìsìkì yóò fi kún, èyí tí ẹ fi ṣe ààbò á wá pa èyí tó ń bọ́ yín. Ẹ fi gbèdéke sí max_slot_wal_keep_size kí ẹ tó lọ sùn.


ÌBÉÈRÈ: Sọ́fítíwíà ìdánwò là ń ṣe fún àwọn iléèwé, Abẹ́òkúta la wà. PostgreSQL wa tó 180 GB, AWS ní Ireland ló ń gbé. A fẹ́ máa fi ẹ̀dà ìpamọ́ ránṣẹ́ sí cloud mìíràn lálaalẹ́. Ẹ tò ó fún wa, kí ẹ sì sọ iye tó máa ná wa.

ÌDÁHÙN: Àkáǹtì kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe dáadáa. Ẹ má fi ímeèlì tí ẹ fi ṣí AWS ṣí i, ẹ má sì fi káàdì kan náà sanwó rẹ̀. Nínú rẹ̀, ẹ ṣí bucket kan (ibi ìkófáìlìsí), kí ẹ fi ìtìpa ọjọ́ 30 sí i, kí fáìlì má ṣeé pa rẹ́ kó tó pé ọjọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ pa á. Google ń pe èyí ní retention policy, Azure ń pè é ní immutability. Kọ́kọ́rọ́ tí sáfà yín yóò fi máa gbé fáìlì síbẹ̀, ẹ̀tọ́ àtifi-nǹkan-síbẹ̀ nìkan ni kó ní. Olè tó bá gba sáfà lọ́wọ́ yín kò gbọdọ̀ lè ti ibẹ̀ nu ẹ̀dà ìpamọ́ nù.

Ìkódà fúnra rẹ̀: pg_dump ni irinṣẹ́ tó ń kó PostgreSQL jáde, pg_dump -Fd -j 4 máa ń pín iṣẹ́ sí mẹ́rin, ó sì ń fún un pọ̀ bó ṣe ń kó o. Ẹ fi pg_dumpall --globals-only mọ́ ọn, torí orúkọ àwọn aṣàmúlò àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọn kì í sí nínú pg_dump, ọjọ́ ìdápadà lọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń mọ̀. Ẹ fi gpg tì í kó tó kúrò lórí sáfà, kí rclone wá gbé e lọ. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ó fi ṣí i, ibi tí kì í ṣe AWS ni kó wà. Ẹ̀dà kan lórí flash nínú àpótí irin ọ́fíìsì, òmíràn lọ́wọ́ ọ̀gá.

Níbi tó ti máa ń bàjẹ́ rèé. Cron, tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí àsìkò bá tó, kì í pariwo. Ká ní ẹ kàn kọ pg_dump | gzip sínú rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ aṣínà dátábéèsì padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Pg_dump kọ̀, àmọ́ gzip tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tayọ̀tayọ̀: ó fún òfìfo pọ̀, ó sì jábọ̀ pé kò séwu. Fáìlì wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ pé, déètì òní ló wà lára rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ báìtì 20. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó tú u wò. Ẹ kọ set -o pipefail sí òkè script yín, kí ẹ sì jẹ́ kó fi SMS ránṣẹ́ bí fáìlì òní bá fi ìdá kan nínú márùn-ún kéré sí tàná.

Ó kan owó. Ká ní 180 GB di 40 GB lẹ́yìn ìfúnpọ̀ (ẹ wọn tiyín, kò sí dátà méjì tó ń fún pọ̀ bákan náà). 40 GB lọ́nà ọjọ́ 30 jẹ́ 1,200 GB. AWS kì í gbowó lórí 100 GB àkọ́kọ́ tó bá jáde lóṣù. 1,100 GB tó kù, ní $0.09 lórí GB kọ̀ọ̀kan láti Ireland, jẹ́ $99. Owó ìjáde yìí ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Owó àyè ìkẹ́rùsí níbi tó ń lọ kò tó o rárá. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbé PostgreSQL yín sórí sáfà fúnra yín, pgBackRest lè kó odidi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kó máa kó àyípadà nìkan láwọn ọjọ́ yòókù, owó náà á sì wálẹ̀ púpọ̀. Bó bá jẹ́ RDS, dátábéèsì tí AWS ń bá èèyàn mójú tó, lẹ̀ ń lò, AWS kò ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan WAL, ẹ dúró ti pg_dump.

Kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ ní ẹ̀dà ìpamọ́, ẹ dá a padà lẹ́ẹ̀kan. Lórí ìlà ọ́fíìsì tó ń sáré ní 100 Mb/s, 40 GB máa gba ìṣẹ́jú 53 kó tó wọlé tán, bí ìlà kò bá já. pg_restore á wá jókòó máa tún index kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló sì máa ń pẹ́ jù. Ẹ fi aago wọ̀n ọ́n. Bí pg_restore yín bá ti gbó ju PostgreSQL tó kó dátà náà lọ, ó lè má lè kà á rárá, ẹ wo ẹ̀yà rẹ̀ ṣáájú.


ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní bí a bá ti lo Kubernetes àti Terraform, kò sí cloud tó lè so wá mọ́lẹ̀ mọ́. Ṣé òótọ́ ni? (Oníbéèrè, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ìdajì òótọ́ ni. Kubernetes, irinṣẹ́ tó ń darí ápù lórí sáfà púpọ̀, ń jẹ́ kí ètò yín sáré bákan náà lórí EKS ti AWS, AKS ti Azure àti GKE ti Google. Àmọ́ díìsìkì tó so mọ́ ọn, load balancer tó wà níwájú rẹ̀ tó ń pín èrò fún sáfà àti ẹ̀tọ́ tó fi ń ka bucket, ti oníkálukú ni. Terraform náà, èdè ló jẹ́ ọ̀kan: aws_instance kì í di google_compute_instance nítorí pé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó tún un kọ ni. Ohun tó ń so èèyàn mọ́lẹ̀ jù ni dátà. Ẹni tó bá lo PostgreSQL lásán lè ṣí lọ láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ti kọ gbogbo ètò rẹ̀ mọ́ DynamoDB, ẹ má tàn án. A kò sọ pé kí ẹ má lo DynamoDB o. Ẹ kàn mọ iye tí ìjáde kúrò nínú rẹ̀ yóò ná yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i.


ÌBÉÈRÈ: A fi VPN, ọ̀nà àdáni orí íńtánẹ́ẹ̀tì, so AWS pọ̀ mọ́ Google Cloud. Ping, tí a fi ń dán an wò bóyá sáfà ń dáhùn, ń lọ, ó ń bọ̀. SSH, tí a fi ń wọ sáfà látòkèèrè, ń wọlé. Àmọ́ bí ápù bá fẹ́ ka ìròyìn ńlá láti dátábéèsì tó wà lódìkejì, á kàn dúró sójú kan ni. Kò sí àṣìṣe kankan nínú log. Ó ti di ọjọ́ kẹrin. (Ẹnjiníà kan, Yábàá)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́. A fura sí MTU, ìyẹn ìwọ̀n ẹrù tó tóbi jù tí ọ̀nà lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wò ó báyìí: ẹ tẹ ping -M do -s 1472, kí àdírẹ́sì sáfà òdìkejì tẹ̀ lé e. 1472 pẹ̀lú báìtì 28 tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ 1500. Bí kò bá kọjá, ẹ máa dín in kù: 1420, 1390, 1372, títí yóò fi kọjá.

IPsec, ìlànà ìtìpa tí VPN ń lò, máa ń wé aṣọ tirẹ̀ lé ẹrù kọ̀ọ̀kan, ẹrù tó ti kún tẹ́lẹ̀ kò wá gba ẹnu ọ̀nà mọ́. EC2, ìyẹn sáfà AWS, nínú VPC (nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni yín lórí cloud) máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MTU 9001, ti Google sì máa ń jẹ́ 1460, méjèèjì ló ju ohun tí VPN yín lè gbà lọ. Ó yẹ kí ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀nà rán ICMP, ìsọfúnni ìkìlọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, padà pé ẹrù náà tóbi jù. Ó jọ pé ẹni tó ṣètò firewall yín fi ping nìkan sílẹ̀, ó dí ICMP yòókù nítorí ààbò, ìròyìn yẹn kò dé ibi kankan, sáfà sì ń tún ẹrù kan náà rán láìdúró. Ping lásán ń kọjá nítorí pé báìtì 56 péré ló ń gbé. SSH náà ń wọlé nítorí pé ọ̀rọ̀ kékeré ló ń sọ. Ẹ tẹ ls sínú folda tó ní fáìlì ẹgbẹ̀rún méjì, òun náà á dúró.

Ẹ fi MTU 1400 sórí sáfà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó ń lo VPN, tàbí kí ẹ ṣe MSS clamping, ìyẹn dídín ẹrù TCP kù, sí 1360 lẹ́nu ọ̀nà VPN (1400 yọ 40 ti orí IP àti TCP). Kí ẹ sì ṣí ọ̀nà fún ICMP type 3 code 4.

Bí ẹ ṣe wà níbẹ̀ yẹn, ẹ wo àdírẹ́sì yín. VPC tí AWS ń fúnni láìbéèrè wà ní 172.31.0.0/16, Docker, tó ń di ápù sínú àpótí, máa ń gba 172.17.0.0/16, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí Google ń ṣẹ̀dá fúnra rẹ̀ ń mú nínú 10.128.0.0/9. Bí ibi méjì bá ń jẹ́ àdírẹ́sì kan náà, VPN kò ní mọ èwo lẹ̀ ń pè. 10.10.0.0/16 fún AWS, 10.20.0.0/16 fún Google, 10.30.0.0/16 fún ọ́fíìsì: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí sáfà tó pọ̀, torí yíyí àdírẹ́sì VPC tó ti kún padà dà bí ìgbà tí èèyàn ń yí ìpìlẹ̀ ilé padà, tí àwọn ayálégbé sì wà nínú rẹ̀.


ÌBÉÈRÈ: Cloud méjì là ń sanwó fún. Síbẹ̀ lọ́jọ́ tí okùn abẹ́ òkun já ní 2024, kò sí èyí tí a rí dé nínú méjèèjì. Kí wá ni àǹfààní rẹ̀? (Oníbéèrè, Ìkẹjà)

ÌDÁHÙN: Cloud yín kò kú lọ́jọ́ yẹn, ọ̀nà ló dí. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, àwọn okùn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 já nítòsí Abidjan. Orúkọ mẹ́rin ni, agbègbè òkun kan náà ni wọ́n gbà kọjá. Equiano, tí Google gbé dé Èkó ní 2022, kò sí lára àwọn tó já, ẹni tí ISP rẹ̀ (iléeṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún un) ní àyè lórí rẹ̀ sì rí ọ̀nà jáde. Ọ̀rọ̀ yín dà bíi ti ẹni tó fa iná láti òpó méjì, tí òpó méjèèjì ń mu nínú tiransifọ́mà kan.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ISP yín, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: okùn wo lẹ̀ ń gbà jáde, èwo lẹ máa gbà bí ó bá já? ISP kejì tó bá dárúkọ okùn kan náà kò fi nǹkan kan kún yín. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé nílò láti tajà fún wákàtí mẹ́rin, bíi iye owó ọjà àti orúkọ oníbàárà, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sí Èkó níbí. AWS ní Local Zone ní Èkó, Nobus náà ń ta cloud nílé, àyè tún wà láti háyà ní Rack Centre ní Orégùn fún ẹni tó bá fẹ́ gbé sáfà tirẹ̀ wá. Ó tún yára: Èkó sí London tó nǹkan bí 5,000 km, iná inú okùn ń sá 200,000 km ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àlọ àti àbọ̀ kò lè dín ní 50 ms láéláé, bó ti wù kí ẹ sanwó tó.

Ẹ tún wá tiransifọ́mà yòókù kiri. Ta ló ń tọ́jú DNS yín? Níbo lẹ ti ra orúkọ ìkànnì? Ṣé àkáǹtì ìwọlé kan ṣoṣo ló ń ṣí cloud méjèèjì? Ṣé ibi kan ni wọ́n ti ń fa image Docker? Ṣé káàdì dọ́là kan náà ló ń san méjèèjì? Èyí tó kẹ́yìn yìí ni a rò pé ó ń pa iléeṣẹ́ kéékèèké lára jù lọ nílẹ̀ wa. Báńkì dín iye tí káàdì lè ná lóṣù kù, ìsanwó kọ̀, ímeèlì ìkìlọ̀ ń lọ bá òṣìṣẹ́ tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, cloud méjèèjì sì tì wọ́n mọ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà.


ÌBÉÈRÈ: Ápù wa wà lórí AWS ní Ireland. Ẹni tó ń ṣe ìtúpalẹ̀ dátà fún wa ní BigQuery ti Google ló mọ̀ ọ́n lò. Ṣé ká ṣe é? (Oníṣòwò aṣọ, Ọ̀ṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣe é. Multi-cloud tó ní ìdí ni èyí: bí BigQuery bá dákẹ́ lónìí, ẹ ṣì ń tajà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n máa kó odidi table lọ lóròòru. 25 GB lálẹ́ jẹ́ 750 GB lóṣù. Ẹ yọ 100, ó ku 650, $58.50 nìyẹn. Bí ẹ bá kó èyí tó yí padà láti àná nìkan, ká ní 0.6 GB, gbogbo rẹ̀ kò ju 18 GB lọ lóṣù, kò sì kúrò nínú ọ̀fẹ́. Ẹ wò ó bóyá dátà náà ń gba inú NAT Gateway, ẹnu ọ̀nà tí sáfà AWS máa ń gbà jáde, kọjá, torí ìyẹn ń gba owó tirẹ̀ lórí GB kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dọ̀ BigQuery, iye dátà tí ìbéèrè bá kà ni wọ́n ń gbowó lé. SELECT * ń ka gbogbo òpó (column) inú table, LIMIT 10 tí wọ́n bá fi sídìí rẹ̀ kò sì dín owó kankan kù. Ẹ pín table ní ọjọ́ọjọ́, ẹ dárúkọ òpó tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì fi maximum bytes billed sí i kí ọmọ tuntun má bàa ná owó oṣù yín ní ọ̀sán kan.


ÌBÉÈRÈ: Àjàṣẹ́ la wà, a ní oníbàárà ní Benin àti ní Nàìjíríà. Bí dátà wọn bá wà lórí cloud méjì, òfin ta là ń tẹ̀ lé?

ÌDÁHÙN: Ti méjèèjì. Ní Benin, Code du numérique ti 2018 ló ń darí rẹ̀, APDP ni àjọ tó ń bójú tó o. Ní Nàìjíríà, Nigeria Data Protection Act ti 2023 ni, NDPC ló ń mú un ṣẹ. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ mọ orílẹ̀-èdè tí dátà ara ẹni ń lọ àti ìdí tí ẹ fi gbà pé ààbò wà níbẹ̀. Cloud kejì ń sọ iṣẹ́ ìwé di méjì: àdéhùn ìmójútó dátà pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹkùn ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ yín. Bí dátà bá jò sáyé, tó sì lè ṣe àwọn oníbàárà ní jàǹbá, òfin Nàìjíríà fún yín ní wákàtí 72 láti sọ fún NDPC, cloud yòówù kó ti jò.

Ibi kan wà tí òfin àti ẹ̀rọ ti máa ń forí gbárí. Oníbàárà ní kí ẹ pa dátà òun rẹ́. Bucket tí ẹ tì pa fún ọjọ́ 30 kò gbà. Ẹ má ti bucket fún ọdún méje nítorí pé ó dùn ún gbọ́. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ díẹ̀ tó bá ìdápadà mu, kí ẹ kọ iye ọjọ́ náà sínú ìwé ìpamọ́ àṣírí tí ẹ fi ń han oníbàárà, kí ẹ sì tọ́jú orúkọ àwọn tó ní kí ẹ pa àwọn rẹ́, kí ìdápadà má bàa jí wọn dìde.


ÌBÉÈRÈ: Ọjọ́ wo ló dára láti dán ìṣílọ sí cloud kejì wò? (Oníbéèrè, Peckham, London)

ÌDÁHÙN: Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ọjà kò yá, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, kí ẹni tó kọ ètò náà má sí níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí ọ̀gá nìkan mọ bí wọ́n ṣe ń tan án, òkùnkùn ni ní gbogbo ọjọ́ tí ọ̀gá bá rìnrìn àjò.

Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ dín TTL DNS yín (iye ìṣẹ́jú àáyá tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń rántí àdírẹ́sì) kù sí 300. Bí ó bá wà ní 86,400, àdírẹ́sì àtijọ́ lè wà lọ́wọ́ àwọn kan fún odidi ọjọ́ kan lẹ́yìn tí ẹ ti yí i padà, ẹ kò sì lè dín in kù lọ́jọ́ tí iná ti ń jó. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi í sílẹ̀ ní 300 títí lọ. Nígbà ìdánwò, ẹ dá àkọsílẹ̀ ọjà dúró ní cloud àkọ́kọ́ kí ẹ tó ṣí èkejì, kí ẹ má bàa ní ìwé títà méjì tí kò bára mu. Ẹ rántí pé UTC, aago àgbáyé, ni log ń kà. Ní Nàìjíríà ẹ fi wákàtí kan kún un, ní London ó wà lọ́wọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òtútù.

Ìgbésẹ̀ tí wọ́n máa tẹ̀ lé, nọ́ńbà fóònù àwọn tí wọ́n máa pè, nọ́ńbà àkáǹtì cloud méjèèjì: ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. A ti rí ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú cloud tí wọ́n ń sá kúrò nínú rẹ̀.